Ẹ̀gbọ́n Dítọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá gba Ìkòtún lọ sí Ìgàndò, tàbí tí ẹ yà sí àdúgbò Gowon Estate ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó kan ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n lẹ koríko oníke mọ́ ògiri rẹ̀, tí wọ́n to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá Ẹ̀gbọ́n Dítọ́ọ̀sì, ẹni tó ń fi omi èso fọ inú. Kì í ṣe ẹnì kan o. Wọ́n pọ̀ lọ súà ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn: ó ti lé lógójì dáadáa, ikùn ló ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, bàtà eré ìdárayá tó wọ̀ kò sì tíì sáré rí. Ilé rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ sí ibẹ̀. Mọ́tò ló gbé wá.

Dókítà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n tó sì lọ sókè, dókítà ní kó máa rìn, kó dín iyọ̀ kù, kó fi ọtí sílẹ̀, kó máa tètè sùn, kó sì máa jẹ èso. Èso nìkan ló gbọ́. Kò tilẹ̀ jẹ ẹ́. Mímu ló ń mu ún.

"Sísí, bá mi po aláwọ̀ ewé yẹn. Mi ò fẹ́ ṣúgà o! Májèlé ni ṣúgà."

"Ẹ̀gbọ́n, àwa kì í fi ṣúgà sí i, sà."

Ọmọbìnrin náà da ewé úgú, kùkúńbà, àtalẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú bùlẹ́ńdà. Kò tíì lọ̀ ọ́ dé ìdajì tí NEPA fi mú iná lọ. Wọ́n jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kúnná, ó bù díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tọ́ wò. Ẹ̀gbọ́n gbé e mì, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni rí i.

"Ó dáa gan-an. Fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sí i." Wọ́n fi sí i. "Ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹn ńkọ́? Gé e sí i dáadáa." Wọ́n gé e sí i. "Dábínù kì í ṣe ṣúgà, àbí? Sọ bíi mẹ́rin sí i." Lẹ́yìn náà ló rí ìgò oyin lórí pẹpẹ. "Oyin! Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló dá oyin."

Nígbà tí yóò fi san ₦3,000, ohun tó wà nínú ife ti dùn ju mínírà lọ. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2022 tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦10 lórí lítà mínírà kọ̀ọ̀kan, òun ló pariwo jù pé wọ́n ṣe é re, kí àwọn èèyàn yé fi ṣúgà para wọn. Láti 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti là á yé wa pé ṣúgà inú oyin àti ti omi èso wà lára èyí tó yẹ kéèyàn fi mọ níwọ̀n, kó má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa lọ. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un. Nọ́ọ̀sì kan dán an wò níṣojú mi, ẹ̀gbọ́n bi í léèrè bóyá kò sí lórí WhatsApp ni.

Ìwàásù ló kàn. Ọlọ́kadà kan tó wá gbé ọjà oníbàárà ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. "Àbúrò, kí lo jẹ láàárọ̀?" "Búrẹ́dì àti ẹ̀wà Àgànyìn ni, sà." "Yé! Ẹ̀dọ̀ rẹ ń ké o! O gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́!" Ọmọkùnrin yìí, ikùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ wa tọ̀sán tòru láìgba owó oṣù, bùlẹ́ńdà ni ẹ̀gbọ́n wá ń kí kú iṣẹ́.

Ìyá alágbo tó ti ń ta àgbo jẹ̀dí fún un láti ọdún pípẹ́ kì í rí i mọ́. Ìgbà tí ìyá pè é kẹ́yìn, nọ́ńbà NAFDAC ni ẹ̀gbọ́n bi í. Ìgò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n nígbà náà kò ní nọ́ńbà kankan lára, àfi ti fóònù ẹni tó ṣe é. Ìyá eléso tó jókòó lẹ́bàá ọjà Ìkòtún náà ò mọ́ tó lójú rẹ̀, torí eruku. Èso ìyá yìí tó ti Mile 12 dé ni ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù lọ rà ní kùtùkùtù.

Lójú tèmi, ètùtù ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe. Alẹ́ Fúráìdé, ó wà ní Ìgàndò nídìí àsun àti ẹja àrọ̀ ọlọ́bẹ̀ ata, ìgò bíà sì tò síwájú rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé, aláwọ̀ ewé. Ẹbọ fín, ó dà, inú ti mọ́. Àwọn tó gbówọ́ nínú wọn kì í tilẹ̀ dúró kí wọ́n jẹ tán mọ́. Wọ́n á ti tu inú lójú sílẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé. Sátidé yẹn náà, wọ́n ti dí òpópónà kan pa nítorí àríyá ní Ẹ̀gbẹ́dá, kánópì dúró, ẹni tó ń gbé oúnjẹ bi ẹ̀gbọ́n bóyá iyán ni àbí àmàlà. "Gbé méjèèjì wá. Mo ti fọ inú láàárọ̀." Ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti bọ̀kọ́tọ̀ gbà fún un.

Ọjọ́ Ajé ló padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fa ojú ro.

"Sísí, nǹkan yín ò múná mọ́ o. Mo mu ún ní Sátidé, ikùn ò lọ síbì kankan."

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ọmọbìnrin náà ń bó, kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, àfi ká fi àtalẹ̀ kún un."

"Fi kún un, jàre!"

"₦500 ni ti àtalẹ̀ o, sà."

Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe tíránsífà.