Oko Baba Ta Ló Tóbi Jù?

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko ẹni tó tó ti baba òun. Afúnnu tí kò rìn jìnnà ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí. Wọ́n gbà pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tẹsẹ̀ bọ oko aládùúgbò, tó rí ebè tó lọ súà, ńṣe ni yóò panu mọ́.

Àwọn àgbà ọ̀hún kò mọ fíísà. Lóde òní, òwe wọn ti dorí kodò. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń búra pé kò sí oko tó burú tó ti baba òun. Èyí tó ti débẹ̀, tó ti ń bá wọn ro ó, òun ló wá ń sọ pé kò sí oko bíi ti baba òun láyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó wà nílé. Ẹ ó bá a níbi tó jókòó ti ìwé ìdánwò IELTS, tó ń kọ́ èdè tó ti fi kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Bí iná bá lọ, á ní, "Èyí ò lè ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba." Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, Ìlú Ọba. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ní ọbẹ̀ kì í níyọ̀ jù ní Ìlú Ọba, ìyẹn sì kúkú lè jẹ́ òótọ́.

A ò lè dá a lẹ́bi pátápátá. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ASUU ń yanṣẹ́ lódì. Kó tó di oṣù Kẹfà 2023, pọ́n-ùn kan kò tó 600 náírà ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 2,000. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, tó ní òun fẹ́ jápa, kì í ṣe ẹni à ń bú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ ká bi í: ta ló sọ fún un pé wọn kì í ro oko tó ń lọ yẹn?

Àwa tí a ti débẹ̀ la sọ fún un. Fọ́tò la fi sọ ọ́. A wọ kóòtù, a dúró ní Westminster, a rẹ́rìn-ín. A ò ya fọ́tò bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ìdájí.

Ní oṣù Kejì 2022 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ wá tọ́jú arúgbó. Ọ̀gá báńkì gba ibẹ̀ wọlé, tíṣà gba ibẹ̀ wọlé, ẹni tó ní dírẹ́bà àti ọmọ ọ̀dọ̀ náà gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀ oṣù Kejìlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó tẹ nọ́ńbà sára àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àpótí ṣí, ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó kí màmá òyìnbó tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tú ìlédìí rẹ̀, ó nù ún mọ́, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó po tíì fún un. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó sì sáré lọ sí ilé kejì, torí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kì í sanwó ìrìn àárín ilé kan sí èkejì. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ibẹ̀ ni pé nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é láti Ìjẹ̀bú lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ọ́fíìsì lòun ti ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń sanwó fún ló sì ń wẹ ìyá náà fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, ìjọba Ìlú Ọba ní ẹni tó bá tún ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Oko baba ẹlòmíràn ni. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń ṣí i, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tì í.

Tó bá di Sátidé, ẹni wa yìí á wọ aṣọ ẹbí, á gba òde àríyá lọ ní Old Kent Road. Bí ọtí bá ti wọlé díẹ̀, oko baba rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. "Ọ̀rẹ́ mi, kí là ń wá níbí gan-an? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tí ì lù, ilẹ̀ ti ṣú. Aládùúgbò mi rèé, n ò mọ orúkọ ẹ̀. Ta ló máa jẹ́ kí n fọ abọ́ nílé?" Gbogbo tábìlì á kan sáárá sí i. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ló ń fọ abọ́ náà nílé, èló sì ni wọ́n ń san fún un.

Ẹ wá tẹ̀lé e dé Èkó lóṣù Kejìlá. Bí bàálù ṣe ń balẹ̀ ní Ìkẹjà ni ahọ́n rẹ̀ ń yí. Àwọn ọ̀dọ́ ti ní orúkọ fún irú wọn: IJGB, ìyẹn "I Just Got Back". Ooru ń mú un ju ẹni tí wọ́n bí sínú yìnyín lọ. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, báwo lẹ ṣe ń gbé báyìí?" Ẹni tó gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ló ń béèrè o. Bí wọ́n bá gbé bíìlì oúnjẹ wá, á ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn, á rẹ́rìn-ín, á san án. Kò ní sọ pé owó iṣẹ́ òru tí òun tu jọ láti oṣù Kẹta ni. Àbúrò rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Tó bá di oṣù Kìíní, àbúrò á lọ forúkọ sílẹ̀ fún IELTS.

Àwọn tí a fi ṣọ́ oko baba wa kò gbẹ́yìn. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba ológun Muhammadu Buhari, ìpolówó kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí Enebeli Elebuwa ti ṣe Andrew, ẹni tí ìlú sú, tó fẹ́ fò lọ. Wọ́n ní kí Andrew dúró, ká jọ tún ilé ṣe. Ní 2012, Elebuwa kú sí ilẹ̀ Íńdíà níbi tó ti lọ gba ìtọ́jú. Buhari náà tún ṣe ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ, ó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025. Wọ́n dá Andrew dúró, ṣùgbọ́n ọsíbítù tí ìbá tọ́jú òun àti ẹni tó dá a dúró, wọn ò kọ́ ọ.

Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣì í ni pé títóbi oko là ń wò, a kì í béèrè ẹni tó ro ó. Ẹni wa tó ń gbé òkè òkun yìí, oṣù kan kì í kọjá kó má san owó káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí, ó mọ èyí tó ń lọ sínú bíìnì wo. Bí ó bá ku òun nìkan ní ibùdókọ̀, á ṣì tò. Ẹ wá fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ní pápákọ̀ òfurufú Èkó: ó ti ń wá ẹni tó máa mú òun gba ẹ̀yìn, ó ti ki owó bọ inú páásípọ́ọ̀tù. Tó bá yá, á ní ìlú yìí kò lè dáa láéláé.

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà fún àwọn ará ilé, ẹ sọ iye tí ẹ ń san fún rẹ́ǹtì, ẹ sì dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ, ọ̀nà á là, ṣùgbọ́n ẹ mú ọkọ́ dání. Ẹni tó bá sì ń bọ̀ wá ṣọdún, kó tò sórí ìlà ní Ìkẹjà bó ṣe ń tò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn ò gba fíísà.