Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Tó Ní Ẹ́ẹ̀sì Nídìí

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ò tíì pàdé èdè tí ṣòkòtò kan ṣoṣo kì í ti í jẹ́ ẹyọ kan. Òyìnbó ní "trousers" ni, ẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀, bóyá nítorí ẹsẹ̀ méjì tó ní. A gbà. Ẹ̀wù náà ṣáà ní apá méjì. Kí ló dé tí "shirt" fi ń rìn kiri láìní ẹ́ẹ̀sì?

Ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní Ìgbájọ lọ̀rọ̀ yìí ti bá mi. "Fashion's Designer" ló wà lára pátákó rẹ̀, àmì kékeré tí Òyìnbó fi ń sọ pé ẹnì kan ló ni nǹkan sì há sókè níwájú ẹ́ẹ̀sì bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sára aṣọ. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni àmì náà ń ṣe níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èènì ni. Ẹni tó kun pátákó ò gbowó ẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ẹ́ẹ̀sì ni mo mọ̀, ó ní nǹkan ti ju ẹyọ kan lọ nìyẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rántí àwọn tó lèdè. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lójú irin Piccadilly, Earl's Court ní àmì yìí; Barons Court tó tẹ̀ lé e ò ní, bí ẹni pé ìjòyè kan ní dúkìá, èkejì ò ní. Lọ́dún 2009, ìjọba ìlú Birmingham ní àwọn ò kọ ọ́ sára pátákó òpópónà mọ́. Ẹni tó ni ṣòkòtò ti bọ́ ọ sọnù, ẹni tó yá a ṣì ń wá okùn ẹ̀ kiri. Tiwa rèé: ajá kan, ajá méjì, igba ajá, ìrù ajá ò gùn sí i. A ò sì so nǹkan kan mọ́ Kábíyèsí lọ́rùn ká tó mọ̀ pé ààfin Ọwá, Ọwá ló ni ín.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì wọlé. Ó ti fi pátákó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó kí wa. Ó fẹ́ gé okùn kan létí ẹ̀wù rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní "scissors". Télọ̀ ní, "Àlùmọ́gàjí?" Ó ní rárá o, scissors ni. Ẹyọ kan péré ló wà lórí tábìlì.

"Bọ̀ọ̀dá, trousers mi ń kọ́?"

Télọ̀ nawọ́ ọ̀kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún ń tú àpò aṣọ. Mo bi í pé kí ló ń wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ ẹ́ẹ̀sì ni? Èkejì ni mò ń wá."