Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Fi Ẹnu Ayẹléwò Ra Ilé ní Houston

Ìwọ tó ń ra ilé àkọ́kọ́ rẹ ní Houston, tí báńkì ti ní òun yóò yá ọ lówó, tí ìyàwó rẹ sì ti yan ọ̀dà pálọ̀, ìwọ ni mo kọ ìlànà yìí fún. Ayẹléwò tó ní ìwé àṣẹ ìjọba Texas ló kù kí o gbà. Má wádìí iṣẹ́ rẹ̀. Wá èyí tí yóò dárúkọ owó àtúnṣe. Bó bá jẹ́ Yorùbá tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ó tún dáa jù, nítorí ojú yóò tì í láti sọ pé rárá.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, má bá a gun òkè àjà. Ooru òkè àjà Texas ní oṣù kẹjọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú di. Dúró sí kíṣìnì, kí o máa wo ibi tí ẹ ó gbé ìkòkò iyán sí. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tí òógùn ti bò ó, tó ní, "Àbúrò, ilẹ̀kùn méjì ò padé dáadáa, ògiri sì ti sán lókè fèrèsé, ó jọ pé ìpìlẹ̀ ti yẹ̀," má béèrè ohun tó fà á. Yóò kàn máa ṣàlàyé fún ọ pé ilẹ̀ amọ̀ ibẹ̀ ń wú bí òjò bá rọ̀, ó ń súnkì bí ọ̀dá bá dá, kankéré tí ilé dúró lé sì ń bá a lọ sókè sódò. Èwo ló kàn ọ́ níbẹ̀? Bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, èló ni yóò ná mi?"

Yóò ní ohun tí ojú òun rí lòun ń kọ, òun kì í já ògiri, òun kì í gbẹ́lẹ̀. Yóò ní òfin Texas Real Estate Commission, àjọ tó fún òun ní ìwé àṣẹ, kò fi dandan lé e pé kí òun dárúkọ owó àtúnṣe. Yóò tilẹ̀ fi fọ́ọ̀mù wọn hàn ọ́: ibi tí wọ́n ń sàmì sí bóyá òun yẹ nǹkan wò, òun kò yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nínú ilé, tàbí ó lábùkù. Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ dọ́là sí. Má gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà dá iye kan." Tẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi sọ pé, "Ó lè tó 4,000 dọ́là o, ṣùgbọ́n kí o pe àwọn tó ń ṣe é." Kọ 4,000 sílẹ̀. Fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe.

Má pe ẹ́ńjíníà kankan. Irú wọn ni yóò wọn ilẹ̀ ilé náà láti igun dé igun, kó tó sọ bóyá ó nílò òpó lábẹ́ rẹ̀ rárá. Àwọn tó ń ri òpó náà sì ń ka owó wọn ní òpó kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ àárín ilé ló rì, wọn yóò gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá tàbí kí wọ́n fọ́ ilẹ̀ pálọ̀. Bí wọ́n bá gbé ilé náà sókè tán, páìpù abẹ́ kankéré lè ya, púlọ́ńbà yóò sì tún dé. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí nínú 4,000 ẹ̀gbọ́n. Kí ni tiẹ̀ níbẹ̀?

Owó kékeré kan wà tí o san fún onílé, tí wọ́n ń pè ní option, tó fún ọ láǹfààní láti fà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ fohùn sí, láìsọ ìdí. Ọlọ́gbọ́n a fi ọjọ́ wọ̀nyí pe oníṣẹ́ mẹ́ta kí kálukú kọ iye tirẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ, fi ra àga. Kí o wá ránṣẹ́ sí onílé pé kó yọ 4,000 kúrò nínú owó ilé. Bó bá gbà kíákíá, tí kò tilẹ̀ jiyàn, má fura.

Tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ti gbó, tó ń lo gáàsì R-22, jẹ́ kí ẹnì kan ní kí o kàn rọ gáàsì sí i. Má rántí pé Amẹ́ríkà ti fòpin sí ṣíṣe gáàsì náà àti kíkó o wọlé láti oṣù kìíní 2020.

Kí n má parọ́, àwọn ayẹléwò kan wà tó ń kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n sì ń sọ ẹni tó yẹ kí o pè. Ìyẹn ò burú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yóò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là ni tàbí ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ pípé kì í wá irú wọn. Ẹni tó rí àbùkù, tó dá iye, tó tún ní òun lòun máa tún un ṣe ni kí o wá; irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni àjọ àwọn ayẹléwò Amẹ́ríkà, ASHI, kà léèwọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn fún odidi ọdún kan lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Bí ìwé owó gidi bá dé, má pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́kọ́ ka àdéhùn àyẹ̀wò tí o fọwọ́ sí láìkà. Nínú ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ohun tó pọ̀ jù tí o lè gbà lọ́wọ́ ayẹléwò kò ju iye tí o san fún àyẹ̀wò lọ.