Ta Ni Olórí Ilé Yìí?

Ìyá ilé fi abẹ́rẹ́ àti òwú pupa kọ “Kristi ni Olórí Ilé Yìí” sára aṣọ funfun, ó fi sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Òjò rọ̀ títí, ògiri rin, aṣọ bu. Àbàwọ́n dúdú bo “Kristi” nìkan mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni baálé ti ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ẹ má da bílíìṣì sí i o! Àbàwọ́n lè lọ, kí òwú náà bá a lọ. Ẹ yọ ọ́ nínú férémù, ẹ sá a síta kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Dígí férémù pàápàá jẹ̀bi: ó lẹ̀ mọ́ aṣọ, ọ̀rinrin ò rọ́nà jáde. Ẹ fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n láàárín.

Baálé ní kò sí ìkánjú.