Fíólà Ló Sọ Ọ́, Èmi Kọ́

Ẹ jókòó, àmọ́ ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, ọ̀dà Alájà kò tíì gbẹ. Kí n tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kó ti yé wa: èmi kì í ṣe olófòófó. Ibi tí àtẹ mi wà ló sọ mí di báyìí. Ẹni tó ń ta Mágí, ìṣáná àti píọ́ wọ́tà lẹ́nu géètì, bí kò bá tiẹ̀ fẹ́ rí, ojú rẹ̀ á rí i. Bí kò bá sì fẹ́ gbọ́, etí kò ní ìdérí. Ọmọ Ìlọrin sì tún ni mí, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń fi ẹnu wa wé. Iyọ̀ kò tó o.

Ilé wa ní Fate, ní Ìlọrin yìí, ojúlé mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Bí ẹnìkan bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, láti yàrá ìkẹyìn ni wọ́n ti máa kí i ní pẹ̀lẹ́. Nínú irú ilé báyìí ni ọmọkùnrin kan gbé fayolín wọ̀. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Bọ̀dá Músíìkì. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn, kódà bí ilẹ̀ bá tutù. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì wà lára àwọn tó ń fi ohun èlò orin gbe ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn. Bí ládàánì bá ti pe ìrun, á gbé e kalẹ̀ títí wọ́n á fi kí i tán; ìdí nìyẹn tí Alájà onílé wa, tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, kò fi lé e jáde. Fayolín yẹn náà sì ti mọ́ wa lára. Ó kàn ń dún tínrín ni, bí ẹ̀fọn tó lówó lọ́wọ́.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan, tó gbé àpótí mìíràn dé, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wà ní ó ra báàgì, ó fẹ́ rìnrìn àjò. Bọ̀dá Télọ̀ ní ìbọn ni. Èmi ni mo lọ bi í, torí ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.

"Ọmọ mi, ṣé fayolín yẹn náà ló sanra ni?"

"Rárá, Mà. Fíólà ni. Ẹ̀gbọ́n fayolín ni."

Ó wá jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé. Ó ní okùn mẹ́rin ni fayolín ní. Èyí tó ga jù lọ ń gbọ̀n ní ìgbà 659 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó rẹlẹ̀ jù lọ ń gbọ̀n ní ìgbà 196. Ó ní fíólà yọ tòkè pátápátá kúrò, ó wá fi òmíràn kún un nísàlẹ̀, tí kì í gbọ̀n ju ìgbà 131 lọ. Mo ní ta ló kà á? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò ṣàwàdà. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ta ló ráyè jókòó kà á dé 659?

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jókòó sí tòkè tó ti mọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn fẹ́ ṣe African Suite tí Fẹlá kọ. Mo ní Fẹlá? Nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Fẹlá tó ń wọ pátá kọrin? Ó ní kì í ṣe ti Aníkúlápó, Fẹlá Ṣówándé ni, èyí tí wọ́n bí ní 1905, tó di ògbóǹtarìgì onídùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní 1944 ló kọ orin yẹn, ohun èlò olókùn nìkan ló kọ ọ́ fún, kò sí fèrè, kò sí kàkàkí. Ó wá jẹ́ pé àwọn tó ń fa fayolín nínú ẹgbẹ́ wọn pọ̀ bí eṣú, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó ń fa fíólà. Ni ọ̀gá akọrin bá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá na ìka sí ọmọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n náà nìyẹn. Èmi náà jẹ́jẹ́ nígbà kan, ẹ wo ibi tí mo wà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn ìsàlẹ̀ yẹn, akọ màlúù tó ń húkọ́ ni mo kọ́kọ́ pè é. Mo tiẹ̀ dìde wò ó bóyá àwọn Fúlàní alágbo ló ń kọjá. Alájà yọ orí lójú fèrèsé, ó ní "Subhanallah," ó sì pa fèrèsé dé.

Mo lọ wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tèmi, iṣẹ́ ni! Ìgúnwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sókè bí apá adìyẹ tí wọ́n fẹ́ fá ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni okùn ìsàlẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Ìgúnwọ́ òsì wá wọ abẹ́ igi náà lọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdodo. Ó ní àwọn ìka òun ń jìnnà síra, torí igi yìí gùn ju ti àkọ́kọ́. Ibi tí ìka ìkẹta ń bá láìwò tẹ́lẹ̀, ó ní àfi kí òun nà án bí ẹni tó ń mú nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé orin rẹ̀ pàápàá ti ṣí lọ. Ó ní "dò" ti kó lọ sí ìlà àárín, bí ayálégbé tí kò dágbére.

Èyí tó wá yé mi jù ni ọ̀rọ̀ ọrun. Ọrun ni ọ̀pá onírun ìrù ẹṣin tó ń fi ń ha okùn yẹn. Ó ní okùn òkè, bí èèyàn bá fi ọrun sáré kọjá lórí rẹ̀, á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tìsàlẹ̀ nípọn, irin ni wọ́n fi wé e lára, oorun sì wọ̀ ọ́ lójú. Bí o bá sáré sí i, á kàn súfèé gbẹ̀rẹ̀ ni. O máa gbé apá lé e, o máa rọra fà á, o máa dúró dè é kó jí. Mo ní ọkọ Ìyá Ẹlẹ́wà gan-an nìyẹn. Ọkùnrin yẹn, láàárọ̀ Sátidé, bí o bá pariwo mọ́ ọn, á yí padà sí ògiri. Àfi kí o fọwọ́ lé e léjìká, kí o máa mì í díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe mọ̀. Ògiri tín-ínrín ni a fi pín yàrá.

Ó tún ní oje igi kan tó ń fi pa irun ọrun, tó dì bí gíláàsì, tó mọ́ bí oyin. Bí kò bá pa á, irun á kàn máa yọ̀ lórí okùn ni, kò ní dún. Àbíkẹ́yìn Bọ̀dá Télọ̀ rí i lórí àga, ó rò pé mínǹtì ni. Ó lá a. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti rí Bọ̀dá Músíìkì, á fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ ọyẹ́ Ìlọrin, ètè nìkan kọ́ ló ń fọ́. Igi náà ń súnkì, èèkàn tí wọ́n so okùn mọ́ á tú fúnra rẹ̀ lóru, á ní "gbììì!" Bọ̀dá Télọ̀ ti jáde pẹ̀lú àdá lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà á wá tún un wá lówùúrọ̀. Fóònù ló fi ń wá ohùn tẹ́lẹ̀ kí ojú fóònù tó fọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń lò báyìí. Tiransífọ́mà! Èyí tó wà ní ìkóríta yìí. Ó ní iná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiransífọ́mà wá ń kùn ní ìgbà 100. Okùn tí wọ́n ń pè ní G, tó wà lára fayolín tó sì wà lára fíólà, 196 ni tirẹ̀. Nítorí náà á gbọ́ tiransífọ́mà, á wá ohùn kan náà lókè rẹ̀, á wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ wá okùn 131. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ pé tiransífọ́mà yẹn wúlò fún nǹkankan. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, òun náà á gbé igi kalẹ̀, á wá ra píọ́ wọ́tà.

Mo sọ fún un pé bàbá bàbá mi ní Pàkàtà kò ní wàhálà okùn mẹ́rin. Ọkùnrin yẹn, sákárà ló ń gbọ́. Dàdàkúàdà Odòlayé Àrẹ̀mú náà wà nílé o, ọmọ Ìlọrin wo ni kò ní í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìlù ni ti dàdàkúàdà. Sákárà ló ní gòjé. Igbá ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á na awọ awọ́nríwọ́n bò ó lójú, okùn kan ṣoṣo, irun ìrù ẹṣin ni okùn, irun ìrù ẹṣin náà ni ọrun. Ọ̀dọ̀ àwọn Gàmbàrí ló ti wá, gòge ni wọ́n ń pè é. Abíbù Olúwa ti ń kọrin sí i nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kí wọ́n tó bí ìyá mi. Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbàá, tẹ̀ lé e, òun tó kú ní 1978, tí bàbá bàbá mi kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ tó gbọ́. Okùn kan yẹn náà ló ń pe olówó lórúkọ tí olówó ń fọwọ́ bọ àpò! Bí akọrin bá sọ ọ̀rọ̀, gòjé á tẹ̀ lé e, á fa ohùn bó ṣe fà á, torí kò sí irin tí wọ́n tò sí ọrùn rẹ̀ bíi ti gìtá. Ìka á kàn yọ̀ lórí okùn, bí ahọ́n wa ṣe ń yọ̀ lórí "yìí".

Bọ̀dá Músíìkì ní fíólà náà kò ní irin lọ́rùn. Kò mọ̀ pé ohun tó máa kó bá ara rẹ̀ ló sọ yẹn.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ìdánrawò kan lórí okùn ìsàlẹ̀. Á fi ìka kejì tẹ̀ ẹ́, á ṣí i sí ìka kìn-ín-ní, á wá fi okùn sílẹ̀ lófìfo lẹ́ẹ̀mejì. Mí, re, dò, dò. Láàárọ̀, mí, re, dò, dò. Lálẹ́, mí, re, dò, dò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá jẹ́ òyìnbó ló ń gbé ilé wa, orin ni wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ mí, re, dò, dò fún Yorùbá tí kò ní túmọ̀ rẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́wà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní "Ó ta ẹ̀wà" ni ó ń sọ, ó ń polówó fún òun. Inú rẹ̀ dùn, ó fi ẹran kún oúnjẹ ọmọ náà. Bọ̀dá Télọ̀ ní irọ́ ni, "Ó ya ẹ̀wù" ló ń wí, òun ló ń bá wí, torí léèsì tí òun fi ẹ̀rọ ya ní ọjọ́ kẹta, àti pé ta ló sọ fún un? Gbogbo wọn wo ẹnu géètì. Mo ń ka owó mi. Alájà ní ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́ran, ara rẹ̀ ni ọmọ náà ń sọ: "Ó ya wèrè."

Èmi? Èmi kò sọ nǹkankan. Mo jókòó sídìí àtẹ mi, ara mi ń gbóná. Torí ohun tí fíólà yẹn ń sọ fún mi kedere, láàárọ̀, lálẹ́, pẹ̀lú ohùn bàbá àgbà tó nípọn yẹn, ni "Ó jẹ gbèsè." Owó ẹ̀wà àti búrẹ́dì, 1,500 náírà, láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé sáà. Èmi àti Ìyá Ẹlẹ́wà nìkan la mọ̀. Ó dà bíi pé okùn náà mọ̀ ọ́n. Ó ń tẹ "gbè" mọ́lẹ̀, ó tún ń tẹ "sè" mọ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo apá rẹ̀. Ọmọ náà sì ti wá mọ̀ ọ́n fà. Ikọ́ ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló kù.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo ká owó náà sínú páálí Mágí, mo lọ fi lé Ìyá Ẹlẹ́wà lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wá pe Bọ̀dá Músíìkì.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí tìrẹ ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá? Ṣé kò sí èyí tó ń gòkè ni?"

"Ó wà, Mà. Ọ̀la gan-an ni mo fẹ́ yí i padà. Dò, dò, re, mí."

"Yí i padà lónìí."

Ó yí i. Ẹ̀yin ará, mo fẹ̀yìn ti àga, mo na ẹsẹ̀. Dò, dò, re, mí. "Gbèsè ti tán." Ó tún un fà. "Gbèsè ti tán." Mo bùn ún ní píọ́ wọ́tà méjì, n kò gba kọ́bọ̀.

Ọkùnrin kan gbé abọ́ dé ẹnu géètì wa, ó dúró, ó dẹ etí, ó mi orí, ó bá ọ̀nà rẹ̀ padà. N kò fura. Obìnrin oníbúrẹ́dì dé, òun náà dúró, ó yí padà. Àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́ta dé pẹ̀lú kúlà, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bá kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Tanke. Títí di aago mẹ́sàn-án, ìkòkò Ìyá Ẹlẹ́wà ṣì kún dé etí, ó sì ti ń dì. Ó jáde síta pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́.

"Ta ló ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ẹ̀wà ti tán?"

Gbogbo ilé wo ẹnu géètì. Mo ń to Mágí.