Wọ́n Ní Zotero Ló Ba Àpilẹ̀kọ Rẹ̀ Jẹ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kì í dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní yunifásítì kan tí n ò ní í dárúkọ, tó ń ṣe PhD, tó sì ti ń jẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Dókítà láti ìgbà tó ti gba fọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ti ní kó yí ìtọ́kasí rẹ̀ kúrò ní APA, tó ń lo orúkọ àti ọdún, sí Vancouver, tó ń lo nọ́ńbà, ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ló ń lọ, tó ń gbé Zotero, irinṣẹ́ tó ń báni to ìtọ́kasí, ṣépè. Ó ní ó ti ba àpilẹ̀kọ òun jẹ́.

A kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn. Ó yan Vancouver nínú Document Preferences, apá kan di nọ́ńbà, apá kan ṣì ń jẹ́ orúkọ àti ọdún, ìwé kan ṣoṣo sì gba nọ́ńbà méjì bí ẹni tó fi orúkọ méjì ṣí àkáǹtì sí bánkì kan náà.

Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin kan tó máa ń bá wọn tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà. Háà! Ó tẹ ìtọ́kasí kan ní orí kìíní. Èyí tó bá ṣì so mọ́ Zotero, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nínú Word, àwọ̀ eérú ló máa ń bò ó. Eléyìí ò yí àwọ̀ rárá. Bọ̀dá wa ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ àti ọdún síbẹ̀, ó ní ó yá jù bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn tó ti fọwọ́ tún ti Zotero ṣe, Zotero bi í bóyá kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí òun má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó tẹ Yes. Ta ló rán an níṣẹ́?

Orí kẹta ńkọ́? Inú mẹ́sèjì WhatsApp ló dà á sí fún tápíìsì, tápíìsì tún un ṣe, òun náà dà á padà sínú Word. Gbogbo kóòdù tó wà lábẹ́ ìtọ́kasí ti jábọ́ sójú ọ̀nà. Iṣẹ́ PhD, lórí WhatsApp! Ti nọ́ńbà méjì yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ìwé kan náà sínú Zotero. Wọ́n kọ Duplicate Items síbẹ̀ gàdàgbà, kò wò ó rí.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Orí kejì, níbi tó ti yẹ kó sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ ṣáájú rẹ̀, ni kò ní wàhálà kankan. Gbogbo ìtọ́kasí ibẹ̀ ló di nọ́ńbà wẹ́rẹ́. Inú bọ̀dá dùn. Ni ọmọbìnrin yìí bá tẹ Alt pẹ̀lú F9. Kóòdù gbọọrọ gbọọrọ yọ jáde, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ADDIN ZOTERO_ITEM. Ẹni tó bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ Zotero, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wà nínú kóòdù ìwé tó bá ti inú láíbìrì rẹ̀ wá. Ní orí kẹrin, nọ́ńbà bọ̀dá ni. Ní orí kejì, nọ́ńbà ẹlòmíràn ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Gbogbo wa la mọ ẹni náà: obìnrin kan tó ti gba PhD tirẹ̀ ní ẹ̀ka kan náà, tó fún un ní fáìlì pé kó fi wo bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ó sì tò ó lóòótọ́.

N ò sọ pé àwọn tó ni irinṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ ẹni mímọ́ o. George Mason University ní Virginia ló gbé Zotero jáde ní 2006. Ní 2008, Thomson Reuters, tó ni EndNote, irinṣẹ́ bíi Zotero, nígbà náà, wọ́ wọn lọ sílé ẹjọ́, pé Zotero ń lo àwọn fáìlì EndNote tó ń sọ ibi tí kọ́mà àti àmì ìdánudúró yẹ kó wà. Mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọ́n ń béèrè, lórí kọ́mà! Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2009. Ṣùgbọ́n ìjà àwọn ọlọ́jà ò ní kí oníbàárà máa jalè.

Ẹni tó bá nítìjú, tó bá rí àṣìṣe nínú orúkọ, inú Zotero ló ti máa tún un ṣe, á wá tẹ Refresh nínú Word. Bí iṣẹ́ bá kọ̀ tí kò lọ, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, á gé ìdajì ẹ̀dà náà kúrò, á tẹ Refresh wò. Ìdajì tó bá ń ṣàìsàn, á tún un pín, títí ọwọ́ á fi ba ìtọ́kasí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Sùúrù ló gbà.

Wọ́n ní bọ̀dá ti yọ́ padà tọ ọmọbìnrin yẹn lọ. Kò béèrè ibi tó ti lè rí àwọn ìwé orí kejì kà o. Bí wọ́n ṣe ń pa nọ́ńbà obìnrin yẹn rẹ́ nínú kóòdù ló ń béèrè. Ọmọ náà ní Unlink Citations máa ń nu gbogbo kóòdù nù, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá tún ní kó padà sí APA, ọwọ́ ni wọ́n máa fi tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ èsì tó fọ̀: ó ní kò burú, òun á sanwó fún tápíìsì.