Kíbọ́ọ̀dù Tó Bú Bàbá Onílé

Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Bàrígà ni mo ti ń dín àkàrà, fèrèsé yàrá mẹ́fà ló sì kọjú sí ìkòkò epo mi. Bí èèyàn bá dúró sójú fèrèsé tó ń sọ̀rọ̀, ṣé kí n wá fi òwú dí etí ni?

Ọ̀rọ̀ ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù yàrá kẹta ni mo fẹ́ sọ, èyí tí Bàbá onílé tìtorí ẹ̀ pe gbogbo ayálégbé jọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n n kò ní ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyà tí kíbọ́ọ̀dù yẹn ti jẹ kò ní mọ bó ṣe di ẹlẹ́nu.

Lọ́jọ́ tó gbé e dé, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wé e láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ran yàrá karùn-ún ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù kí ọmọ náà tó tú u. Tòkunbọ̀ ni, Alábà ló ti rà á. Iye tó rà á, ìyá tó bí i kò gbọ́ ọ títí dòní. Èmi gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí. Korg M1 ni wọ́n kọ sí i lára. Àwọn ará Japan ló ṣe é, 1988 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, àfi bíi pé kíbọ́ọ̀dù náà ni ẹ̀gbọ́n ọmọ tó rà á. Mo ní, "O kú oríire kíbọ́ọ̀dù o." Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Synthesizer ni, mà." Mo ní ohun tó bá ti ní eyín funfun mọ́ eyín dúdú, kíbọ́ọ̀dù ni lọ́dọ̀ tèmi. Ó ní rárá, pé èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ohùn tí wọ́n bá pò sí i láti ilé iṣẹ́ náà lèèyàn máa lò títí, ìlù rẹ̀ pàápàá á máa lu ara rẹ̀. Èyí, ìwọ lo máa jókòó po ohùn tó bá wù ọ́. Mo ní kò burú. Gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò yìí ló fẹ́ di olórin bíi Olamide. Kí ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ di alásè ohùn, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?

Iná ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Iná Japan, 100 volt ni; tiwa, 230 ni, lọ́jọ́ tí orí wọn bá pé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bí àwọn ọmọdé ṣe pariwo "Ọ́ọ̀p NẸ́PÀ!" báyìí, ó ki wáyà bọ ògiri. Mo gbọ́ pó! Èéfín rú. Mo sáré yí àkàrà mi padà, mo rò pé òun ló ń jó.

Ṣómólú ló gbé e lọ. Ẹ mọ àwọn ará Ṣómólú, ohun tí wọn ò bá tẹ̀ sórí ìwé, wọ́n á tún un ṣe. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà Bàbá onílé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Àwòrán bàbá gba ojú ìwé tán, a kàn ń méfò ọjọ́ oṣù ni. Ẹ jẹ́ n padà. Ẹni tó tú kíbọ́ọ̀dù náà pààrọ̀ ohun tó jó, ó sì kìlọ̀ pé láì sí step-down tó máa dín agbára iná kù láàárín, kó má ki wáyà yẹn bọ ògiri mọ́, ìbáà jẹ́ iná ìjọba, ìbáà jẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ó tún ṣí abẹ́ eyín rẹ̀. Ẹ gbà mí! Aáyán ti yé ẹyin sí i, àfi bí ẹni tó san owó ilé ọdún méjì. Eyín mẹ́rin kì í dún, ọmọ náà sì ti ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Ìdọ̀tí ni! Rọ́bà kékeré kan ló wà lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan, ìdí rẹ̀ dúdú. Tí eruku bá ti bo ibi dúdú yẹn, o lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òwú díẹ̀, sípírítì díẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn. Láti ìgbà náà ni ọmọ náà ti ń daṣọ bò ó. Aṣọ ẹbí ìsìnkú ìyá mi ni. Ó ní òun yá a ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lò ó lọ tí ó sì ń fa ojú wa mọ́ra, àfi ọ̀ràn kan. Ohùn 16 péré ni ẹ̀rọ yẹn lè yọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá to ohùn mẹ́rin léra kó lè kún dáadáa, ìka mẹ́rin ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Bí ìka karùn-ún bá wọlé, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gé. Bí balùwẹ̀ ilé wa ló rí, kò sẹ́ni tó lè wọlé àfi kí ẹnì kan jáde. Ó wá kọ́ láti máa fi ìka díẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ló bá di pé orin rẹ̀ ń dùn ju ti àwọn tó ń da ìka bolẹ̀ bí ẹni ń wá owó lọ.

Ẹ dúró, mo ti fo bátìrì. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ kan wà níkùn rẹ̀, òun ló ń bá a rántí gbogbo ohùn tí wọ́n pò sí i. Ó máa ń lo ọdún mélòó kan, ó á wá kú. Èyí kò rọ́jọ́ kú sí àfi òru Sátidé tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Láàárọ̀, ẹgbẹ́ akọrin ti wọ ẹ̀wù, ọmọ náà tẹ ohùn dùùrù, ohun tó jáde dà bí ewúrẹ́ tó gbé ṣéènì mì. Wọ́n fi àtẹ́wọ́ ṣe ìkórè.

Ó sunkún débi pé mo fún un ní àkàrà ọ̀fẹ́, mélòó kan ni o. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìró dùùrù, ìró fèrè, ìró ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀ ní Japan, ara ẹ̀rọ ni wọ́n fín in sí, bátìrì kò lè mú un lọ. Bí wọ́n ṣe pò wọ́n pọ̀ ló nù. Mo ní, "Ó ti yé mi. Ẹ̀wà wà nílé, ata wà nílé, epo wà nílé, alákàrà ló kú." Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní UNILAG, ní Akọ́kà lọ́hùn-ún, ṣèlérí láti fi kọ̀ǹpútà da gbogbo ohùn àtijọ́ padà sínú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wá. Kó tó dé, ọmọ yìí ti fi bátìrì tuntun sí i, ó ti ń se tirẹ̀. Ó ní ìró kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń rọlẹ̀, bó ṣe ń dúró, àti bó ṣe ń kú lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kúrò. Ó mú ohùn fèrè kan, ó ní kó wọlé wàrà, kó kú wàrà: fèrè di ohun tí wọ́n ń gbá ní kọ̀ǹgọ́. Ọ́gáànù ẹ̀rọ yìí kan náà ló wà nínú Show Me Love, orin Robin S. ti 1993 tí gbogbo ayé fi jó, torí náà tẹ́lẹ̀, ibi tó bá gbé e dé, ohùn ẹlòmíì ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bátìrì kú tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ohùn ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, kò jẹ́ kó da ju ìdajì padà.

Òun kọ́ ló máa kọ́kọ́ fi ohun èlò òkèèrè wá ohùn ara rẹ̀. I.K. Dairo fi àkọ́díọ̀nù kọrin jùjú. Sunny Adé fi gìtá Hawaii kún tirẹ̀, nígbà tó sì di àwo Synchro System ní 1983, synthesizer ti wà láàárín gángan. Èyí tó mú mi jù ni ti ọkùnrin kan ní Enugu, William Onyeabor. Ó kó ẹ̀rọ wọ̀nyí jọ sọ́dọ̀, ó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, Atomic Bomb jáde ní 1978, ó ṣe é dé 1985, ó di ti Jésù, ó ní òun kò sọ̀rọ̀ orin mọ́. Nígbà tó di 2013, àwọn ará Amẹ́ríkà kó orin rẹ̀ jọ, wọ́n sọ àwo náà ní Who Is William Onyeabor?, wọ́n ń bi gbogbo ayé léèrè ta ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan títí tó fi kú ní 2017. Ṣé ẹ rí i? Ká ní mo ti ń dín àkàrà ní Enugu nígbà náà ni, wọn kì bá tí fi ìbéèrè sí orúkọ àwo.

Ó dáa, ìpàdé.

Lápá òsì kíbọ́ọ̀dù náà, ọ̀pá kékeré kan wà. Tí o bá tì í sósì, ohùn á wálẹ̀. Tí o bá tì í sọ́tùn-ún, ohùn á gòkè. Tí o bá fi í sílẹ̀, á padà sáàárín. Ọmọ yìí rí i pé ọsán gángan ló wà lọ́wọ́ òun. Òsì, dò, àárín, re, ọ̀tún, mí. Kí ló tún kù tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀? Bàbá onílé sì ń múra àádọ́rin ọdún. Lọ́sẹ̀ kan náà ló fi owó kún owó ilé, ṣùgbọ́n ẹ má dà á pọ̀. Ọmọ náà ní òun máa fi ẹ̀rọ kí i. Ní Sátidé, ó so ó mọ́ gbohùngbohùn, ó gbé e sókè: dò mí re mí mí. Dò mí re mí mí. "Bàbá onílé."

Bàbá jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì ní ìbàdí. Ó ní, "Ta lò ń pè ní Bàbá onígbó?"

Ẹ wò ó fúnra yín. Onílé, onígbó, ohùn kan náà ni! Níbi ìpàdé, wọ́n ní kó lù ú kí gbogbo ilé gbọ́. Ìyá Ẹlẹ́ran gbọ́ "Bàbá olówó." Aránṣọ tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́jọ gbọ́ "Bàbá arúgbó." Èmi, "Ìyá olówó" ni mo gbọ́, mo ti fẹ́ dìde kí n jó. Nínú gbogbo wa, ẹnì kan ṣoṣo ni igbó wá sí lọ́kàn. Èmi kò sọ nǹkan kan o. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, kì í ṣe òórùn àkàrà ló máa ń gbé wá.

Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá onílù kan, ọmọ Àyàn gidi. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní ọmọ náà kò ṣi í lù, pé onílù kì í dá orúkọ nìkan pè sílẹ̀, ó máa ń nà án, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e lè tú u. Ọmọ náà ní kò sí wàhálà, ó nà án: "Bàbá onílé, tó nílé ní Bàrígà."

Yàrá dákẹ́. Mo rí i tí ètè aránṣọ ń mì, ó ń dán an wò: tó nílé, tó nígbó. Aránṣọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi sì ni mo ṣe ìkejì.

Ìdájọ́ Bàbá ni pé hẹ́dífóònù ni láti ìsinsìnyí. Ọmọ náà sì gbà. Láti ọjọ́ Ajé, ó ń jókòó sójú fèrèsé, aṣọ ìyá mi lórí itan rẹ̀, kò sí ariwo kankan. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń da àkàrà kejì sínú epo, Bàbá ń ti balùwẹ̀ bọ̀, ó dúró níwájú fèrèsé náà pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ òsì ọmọ náà ló ń wò, lórí ọ̀pá kékeré yẹn. Èmi náà wò ó.

Òsì, ọ̀tún, àárín, ọ̀tún, ọ̀tún.